Èdè-Ìperí fún Àsokọ́ra Kọ̀ǹpútà: Àwọn Ohun Èlò àti Iṣẹ́ Wọn

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ ní ìtòsí Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Orúkọ àwọn okùn náà ni MainOne, ACE, SAT-3 àti WACS. Ní ọjọ́ náà gan-an, ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ ní Nàìjíríà kò lè dá àwọn oníbàárà wọn lóhùn bí ó ti yẹ mọ́. Bí ìyá oníṣòwò kan bá lọ gba owó ní Ìbàdàn ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò gbọ́ ni pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Gbólóhùn yìí kan náà ni yóò gbọ́ bí ó bá jẹ́ pé òpó fóònù àdúgbò rẹ̀ ni kò níná, tàbí bí ó bá jẹ́ pé eku ni ó jẹ wáyà inú ilé ìfowópamọ́ náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta ni, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ṣẹlẹ̀, oníṣẹ́ tí yóò tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe sì yàtọ̀ sí ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè fi dá gbogbo wọn dúró.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò lè ru ẹrù ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Láti 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, èkejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1990. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni àwọn ìwé wọ̀nyí gbájú mọ́. Wáyà àti ẹ̀rọ kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbà ṣe. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tọ̀ wọ inú iṣẹ́ àwọn tí ń so kọ̀ǹpútà mọ́ kọ̀ǹpútà.

Àsokọ́ra

Nẹ́tíwọ̀kì ti wọ èdè Yorùbá, kò sì sí ẹni tí ó lè lé e jáde mọ́. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí ó ní lẹ́nu ará ọjà ti dúró gbọnin: ìgbì tí fóònù ń gbà láti orí òpó ni. Ẹni tí ó gun orí àpáta lọ wá nẹ́tíwọ̀kì kò wá kọ̀ǹpútà kankan. Ìgbì ni ó ń wá. Ó sàn kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìtumọ̀ tí ó ti gbà, kí a sì wá òmíràn fún ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ.

Àwọ̀n ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ènìyàn lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó ní àléébù méjì. Àwọ̀n a máa mú nǹkan dúró, kì í gbé nǹkan kọjá. Èkejì, tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni pé ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá tẹ àwọ̀n láìfi àmì sí i, kò sí ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí a fi ń tọ́ka sí ọ̀pọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ jù ni àsokọ́ra. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti fi ìyàtọ̀ sáàárín mọ́fíìmù ìṣáájú ì- àti à-: ìkójọ ni iṣẹ́ kíkó nǹkan jọ, àkójọ sì ni ohun tí a ti kó jọ. Bákan náà, ìsokọ́ra ni iṣẹ́ tí oníṣẹ́ ń ṣe, àsokọ́ra sì ni ohun tí ó so kalẹ̀ nígbà tí ó bá ṣe é tán. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ń lo ìsokọ́ra fún méjèèjì. Kò bójú mu, nítorí oníṣẹ́ lè parí ìsokọ́ra ní òní kí àsokọ́ra náà sì bàjẹ́ ní ọ̀la.

Ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà nínú àsokọ́ra ni a lè pè ní kókó, gẹ́gẹ́ bí ibi tí okùn méjì ti pàdé ṣe ń ta kókó. Bí àwọn kókó náà bá wà nínú ilé kan tàbí ọgbà kan, àsokọ́ra agboolé ni. Bí wọ́n bá ti ìlú kan dé òmíràn, àsokọ́ra ọ̀nà-jíjìn ni. Àsokọ́ra tí ó so àwọn àsokọ́ra gbogbo ayé pọ̀ ni ayélujára, orúkọ yìí sì ti fìdí múlẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ni ó kù: ìtàkùn àgbáyé tí Tim Berners-Lee dábàá rẹ̀ ní 1989 ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CERN kì í ṣe ayélujára. Orí ayélujára ni ìtàkùn náà ń rìn, bí ọkọ̀ ti ń rìn lórí títì. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ti ń rìn lórí àsokọ́ra ní nǹkan bí ogún ọdún kí ìtàkùn tó dé.

Wáyà àti àwọ̀ rẹ̀

Wáyà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, kò sí ìdí tí a ó fi pa orúkọ náà dà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àsokọ́ra agboolé ní wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ nínú, méjì méjì ni a sì lọ́ wọn pọ̀. Orúkọ tí ó bá a mu ni wáyà àlọ́pọ̀. Lílọ́ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí iná mànàmáná kan bá wà nítòsí, yóò da ariwo sí ara wáyà. Nígbà tí a bá lọ́ méjì pọ̀, ariwo náà yóò bà wọ́n lọ́gbọọgba, ẹ̀rọ tí ó wà ní ìpẹ̀kun yóò sì yọ ọ́ kúrò nípa wíwo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì nìkan. Alexander Graham Bell ti gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí fún wáyà tẹlifóònù ní 1881. Nítorí náà ni a kì í ṣeé tú ìlọ́ náà ju nǹkan bí mìlímítà 13 lọ nígbà tí a bá fẹ́ fi wáyà sí orí rẹ̀, ìyẹn ike kékeré tí ó ní ihò mẹ́jọ. Gígùn wáyà náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun kò sì gbọdọ̀ ju mítà 100 lọ.

Ibi tí èdè ti lè ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. Àwọ̀ mẹ́ta ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ní èdè Yorùbá: funfun, dúdú àti pupa. Bí a bá sì fi mẹ́ta yìí wo inú wáyà àlọ́pọ̀, pupa méjì ni a ó rí, dúdú méjì ni a ó rí, funfun mẹ́rin onílà ni a ó sì rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀gá tí ó bá sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kí ó fi pupa sí ihò kejì kò tíì sọ nǹkan kan. Àwọn kan ń pe ọ̀kan nínú àwọn pupa náà ní àwọ̀ ọsàn, ṣùgbọ́n ọsàn tí ó pọ́n lórí igi ní ilẹ̀ Yorùbá lè jẹ́ àwọ̀ ewé lẹ́yìn síbẹ̀. Àwọ̀ ọsàn ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń ronú kàn. Àwọ̀ epo ni ó ṣe déédéé, nítorí kò sí ilé tí a kò ti mọ epo pupa. Èkejì ni a lè pè ní àwọ̀ tábà. Àwọn dúdú méjì ni àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé.

Pẹ̀lú orúkọ wọ̀nyí, a lè wá ka ètò tí ó wọ́pọ̀ jù láti ihò kìn-ín-ní dé ìkẹjọ láìṣìnà: onílà epo, epo, onílà ewé, aró, onílà aró, ewé, onílà tábà, tábà. Kí ọmọ iṣẹ́ ṣàkíyèsí pé ihò kẹta àti ìkẹfà ni a pín àwọn méjì aláwọ̀ ewé sí, tí aró sì wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá rò pé ó tọ́ kí méjì máa tẹ̀ lé méjì, tí ó sì to wọn bẹ́ẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, yóò rí i pé ẹ̀rọ ìdánwò olówó pọ́ọ́kú tan iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fún un. Iná ń gba inú wáyà kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà tí ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ kọ́ ni a lọ́ pọ̀, nítorí náà ariwo yóò wọlé, àsokọ́ra yóò sì máa ṣe ségesège láìsí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Irú àṣìṣe báyìí ti jẹ ọ̀pọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ run.

Okùn tí ó gba abẹ́ òkun kì í fi iná mànàmáná gbé ìròyìn, ìmọ́lẹ̀ ni. Inú dígí tí ó tín-ín-rín bí irun orí ni ìmọ́lẹ̀ náà ń gbà. Fọ́nrán dígí ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́, níwọ̀n bí Yorùbá ti ń sọ pé fọ́nrán òwú. Charles Kao ni ó fi hàn ní 1966 pé bí dígí bá mọ́ tónítóní tó, ìmọ́lẹ̀ lè rìn jìnnà nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2009. Okùn kan tí Google fi orúkọ Olaudah Equiano pè gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó ní 2022. Òun kò bàjẹ́ ní 2024, ó sì gba díẹ̀ nínú ẹrù àwọn tí ó bàjẹ́.

Ìdì

Tẹlifóònù àtijọ́ a máa ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún ẹni méjì títí wọn yóò fi parí ọ̀rọ̀, bí ẹni tí ó dá ọkọ̀ kan gbà. Bí wọ́n tilẹ̀ dákẹ́, kò sí ẹlòmíràn tí ó lè lo ọ̀nà náà. Ní àárín àwọn ọdún 1960, Paul Baran ní Amẹ́ríkà àti Donald Davies ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i, láìgbọ́ ti ara wọn, pé ó dára kí a gé iṣẹ́ tí a fẹ́ jẹ́ sí wẹ́wẹ́, kí a kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ sí i lórí, kí a sì jẹ́ kí wọ́n jọ máa lo ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ti àwọn ẹlòmíràn.

Davies ni ó fún àwọn ègé náà ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè wọ́n, pákẹ́ẹ̀tì. Kí ó tó fìdí orúkọ náà múlẹ̀, ó ní kí àwọn onímọ̀ èdè méjì ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà ní ojúgbà ní àwọn èdè mìíràn. Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ èdè-ìperí mọ èyí: onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó bí nǹkan náà ti rò pé èdè mìíràn yóò fẹ́ pè é.

Ojúgbà rẹ̀ ní èdè Yorùbá ni ìdì, bí a ti ń sọ pé ìdì igi. Ẹrù tí kò ṣeé rù lẹ́ẹ̀kan ni a ń dì ní ìdì ìdì. Lórí Ethernet, ohun tí ìdì kan lè gbé kì í sábà ju báìtì 1,500 lọ. Àwòrán kan tí ó tó báìtì mílíọ̀nù 3 yóò di ìdì tí kò dín ní 2,000. Àkọlé ìdì ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀, tí ó sọ ibi tí ó ti wá àti ibi tí ó ń lọ. Kò pọn dandan kí gbogbo ìdì gba ọ̀nà kan náà, kò sì pọn dandan kí wọ́n dé bí wọ́n ti tò. Kí òǹkọ̀wé má ṣe gbàgbé àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìdí, idì àti ìdì kì í ṣe ohun kan náà.

Akéde, apín-ìdì àti afọ̀nàhàn

Ohun èlò mẹ́ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń dà pọ̀, nítorí pé àpótí kékeré oníhò ni gbogbo wọn, iná kóńkóló sì ń ṣẹ́jú lára wọn. Ojú kọ́ ni a ó fi dá wọn mọ̀, bí kò ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Háàbù ni ó gọ̀ jù nínú wọn. Ohunkóhun tí ó bá gbọ́ láti ihò kan ni ó ń tún sọ ní gbogbo ihò yòókù. Akéde ìlú ni, akéde sì ni kí a máa pè é. Bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ wọn yóò forí gbárí, olúkúlùkù yóò sì tún tirẹ̀ sọ. Ó ti di ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní mọ ìwúlò èyí tí ó rọ́pò rẹ̀.

Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ láti 1990 ni wọ́n ń pè ní súìsì. Orúkọ yìí ń ṣi ọmọ iṣẹ́ lọ́nà, nítorí súìsì tí ó mọ̀ ni èyí tí a ń tẹ̀ kí iná tó tàn. Apín-ìdì ni ó yẹ ẹ́. Gbogbo ẹ̀rọ tí a lè so mọ́ Ethernet ni ó ní nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti fi sí i lára, tí a ń pè ní MAC. Nọ́ńbà àbímọ́ ni. Apín-ìdì ń wo nọ́ńbà àbímọ́ ẹni tí ó fi ìdì ránṣẹ́, ó sì ń fi sọ́kàn pé ihò báyìí ni lágbájá wà. Nígbà tí ìdì bá dé fún lágbájá, ihò yẹn nìkan ni yóò gbé e lọ. Bí kò bá tíì mọ ibi tí ẹnì kan wà, yóò ṣe bí akéde lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fetí sílẹ̀ de èsì.

Ráútà ni afọ̀nàhàn. Apín-ìdì kò mọ ju agboolé rẹ̀ lọ. Afọ̀nàhàn ni ó ń mú ìdì jáde kúrò nínú agboolé kan bọ́ sí òmíràn. Nọ́ńbà àbímọ́ kọ́ ni ó ń wò, bí kò ṣe nọ́ńbà IP tí ó yẹ kí a pè ní nọ́ńbà ojúlé. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ṣe pàtàkì. Fóònù tí a gbé láti ilé lọ sí ibi iṣẹ́ kò pa nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fi sí i dà, ṣùgbọ́n ojúlé rẹ̀ ti yí padà, bí ayálégbé tí ó kó lọ sí àdúgbò mìíràn. Ìdánwò wà láti pe ti àkọ́kọ́ ní nọ́ńbà àmútọ̀runwá kí èkejì sì jẹ́ àbísọ. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi béèrè irú ọ̀run tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ jẹ́. Nọ́ńbà ojúlé ti ètò kẹrin kò ju 4,294,967,296 lọ, èyí tí kò tó fún ẹ̀rọ ayé mọ́. Ètò kẹfà, tí ó ní bíìtì 128 dípò 32, ni a ṣe láti gbà á sílẹ̀.

Afọ̀nàhàn kan kò mọ gbogbo ọ̀nà. Ohun tí ó mọ̀ ni afọ̀nàhàn tí ó kàn, òun náà yóò sì júwe èyí tí ó tẹ̀ lé e. Kí ìdì tí ó ṣìnà má baà máa yí ká títí láé, iye ẹ̀mí kan wà nínú àkọlé rẹ̀. Afọ̀nàhàn kọ̀ọ̀kan ń yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀, èyí tí ó bá sì yọ ọ́ di òfo yóò da ìdì náà nù.

Módẹ́ẹ̀mù kò gba àlàyé púpọ̀: ó ń sọ èdè kọ̀ǹpútà di èdè tí wáyà tẹlifóònù gbọ́, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ padà. Ògbufọ̀ ni.

Àdéhùn àti ìkágò

Wáyà àti àpótí kò tó. Ẹ̀rọ méjì tí kò fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò lè gbọ́ra yé. Àdéhùn ni ọ̀rọ̀ tí ó bá èyí mu. Ìlànà gbòòrò jù, òfin sì dún bí ẹni pé ìjọba ni ó ṣe é. Àdéhùn TCP tí Vinton Cerf àti Robert Kahn gbé jáde ní 1974 ni ó borí nínú wọn. Àsokọ́ra ARPANET, tí ìsọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ wáyé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1969, yí padà sí i ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983.

Bí TCP ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá. Àlejò kì í já wọ ilé onílé. Yóò ní, “Àgò onílé o!” Onílé yóò ní, “Àgò yà o!” Nígbà náà ni àlejò yóò kí onílé, tí yóò sì wọlé. Ẹ̀rọ tí ó fẹ́ bá òmíràn sọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ fi ìdì kékeré kan béèrè ààyè, yóò sì sọ nọ́ńbà tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ òǹkà rẹ̀. Èkejì yóò dáhùn pé òun gbọ́, yóò sì sọ nọ́ńbà tirẹ̀. Ti àkọ́kọ́ yóò fèsì pé òun náà gbọ́, ọ̀rọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni, ìkágò sì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn òǹkà wọ̀nyí ni a fi ń mọ ìdì tí ó sọnù, tí a sì fi ń to èyí tí ó dé ṣáájú àkókò rẹ̀. Àdéhùn mìíràn wà tí kì í kágò, UDP, tí ń ju ìdì sọ́nà láìdúró de èsì. Òun ni a ń lò púpọ̀ fún ohùn àti àwòrán tí ń lọ lọ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó pẹ́ kí ó tó dé kò wúlò mọ́.

Ìbú ọ̀nà àti àkókò ìrìn

Àwọn oníṣòwò ń pe méjèèjì ní ìyára, èyí ni ó sì ń fa aáwọ̀ láàárín wọn àti oníbàárà. Ìbú ọ̀nà ni iye bíìtì tí ó lè kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àkókò ìrìn ni iye ìgbà tí bíìtì kan lò kí ó tó dé. Fífẹ títì kò sọ Èkó di ìtòsí Ìbàdàn. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 nínú fọ́nrán dígí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà MainOne tí ó tó kìlómítà 7,000 láti ilẹ̀ Potogí dé Èkó kò lè gbé ìdì dé kí ìdá 35 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá tó pé, bó ti wù kí ìbú rẹ̀ pọ̀ tó. Sátẹ́láìtì tí ó dúró sójú kan ga ju kìlómítà 35,000 lọ. Àlọ sókè àti àbọ̀ sílẹ̀ ìdì lọ́dọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá.

Àsokọ́ra aláìní-wáyà

Ní 1935 ni wọ́n ti fa wáyà wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó kí wọ́n lè máa gbọ́ ìròyìn nínú àpótí. Yorùbá pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ tí ó péye tó bẹ́ẹ̀ tí onímọ̀ ẹ̀rọ kò lè fi nǹkan kan kún un: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ìgbì rédíò kan náà ni àsokọ́ra aláìní-wáyà ń lò lónìí. Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi so kọ̀ǹpútà pọ̀ láàárín àwọn erékùṣù Hawaii ní 1971, wọ́n sì pe tiwọn ní ALOHA, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń kí ara wọn. Ṣùgbọ́n àpótí tí ń fọ́n Wi-Fi ká inú ilé kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí iṣẹ́ gbígba èsì ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọgbọ́n tí a dá sí i: ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹnì kan sọ tirẹ̀ tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Asọ̀rọ̀gbèsì ni a lè pè é. Wi-Fi fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ òwò, kò sì ní ìtumọ̀ tí a lè yí sí Yorùbá. Kí ó máa jẹ́ Wi-Fi lọ.